Èmi Ni Mo Pààrọ̀ Asẹ́ Omi Náà

Kékeré, jókòó kó o tó ka ìwé yìí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sínú, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ inú sàréè. Ohun tí o rò pé o mọ̀ nípa ikú àwọn ẹja bàbá rẹ, ìdajì rẹ̀ péré lo mọ̀. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ mi, òun ló sì burú jù. Mo fẹ́ sọ ọ́ tán lónìí, nítorí dókítà kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ó tún fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo yínmú sí i. Ta ló ní kó wá máa kẹ́ mi?

Má rò pé àìsàn ti sọ èmi Bọ̀dá Ẹlẹ́ja rẹ di èèyàn jẹ́jẹ́ o. Mi ò lè fara da àwọn tó jẹ́ pé ìgbà tí ara wọn ò le mọ́ ni wọ́n ń di ẹni mímọ́. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé ìwọ àti bàbá rẹ kò tíì bá ara yín sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mo sì fà á. O ṣègbéyàwó, àga bàbá rẹ ṣófo. O bímọ, kò gbé ọmọ náà rí. Ìyá rẹ, ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ mu ọmú kan náà, ń wọkọ̀ wá wò ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó sì ń padà wá sílé wá purọ́ fún ọkọ rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ lòun lọ. Èmi wà nínú ilé kan náà, mò ń gbọ́ irọ́ yẹn, mò ń jẹun mi lọ.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ṣiṣẹ́. O máa ń wá síbẹ̀ nígbà tí o wà ní kékeré, o sì máa ń lẹ imú mọ́ gíláàsì. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀, a ń ta ẹja ọ̀ṣọ́, a ń ta àpótí onígíláàsì àti asẹ́ omi. Àwọn oníbàárà wa, mo kórìíra wọn tinútinú. Ọkùnrin kan wá dá ẹja padà nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ kò bá kọ́tìnì òun mu. Ìyá kan bi mí bóyá a lè pa ẹ̀rọ asẹ́ náà nígbà tí àlejò bá wà nílé, nítorí pé ariwo rẹ̀ ò bójú mu. Irú èèyàn báyìí ni mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá ti yíjú, màá pòṣé.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú asẹ́ omi. Fóòmù wà níbẹ̀ tó ń gba ìdọ̀tí, èédú wà níbẹ̀ tó ń fa òórùn àti àwọ̀ kúrò, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ oníhò sì wà nísàlẹ̀. Oníbàárà á wo fóòmù tó ti dúdú, á fọwọ́ bo imú, á ní, "Ìdọ̀tí rèé." Kò mọ̀ pé inú dúdú yẹn, àti inú ihò òkúta wọ̀nyẹn, ni àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú kò lè rí ń gbé, àwọn ló sì ń jẹ májèlé tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja jáde. Tí èèyàn bá kó gbogbo rẹ̀ dànù lọ́jọ́ kan náà, tó fi tuntun síbẹ̀, omi á mọ́ gaara lójú. Tó bá di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, àwọn ẹja á gòkè, wọ́n á máa yanu lójú omi. Ọ̀gá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀. A sì ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lóṣooṣù, láìku ẹyọ kan. Nígbà tí mo bi ọ̀gá mi léèrè lọ́dún àkọ́kọ́, ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, "Ẹni tí ẹja ẹ̀ ò kú, kí ló fẹ́ wá rà lọ́wọ́ wa?" Mo rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ irọ́ náà dáadáa tó mi.

Wàyí o, bàbá rẹ. Gbogbo yín ń pè é ní Tíṣà, bẹ́ẹ̀ ló sì rí látòkè délẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kẹ́mísìrì, ṣùgbọ́n kò fi kíláàsì sílẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀, á rọra máa fà á, bí ìgbà tí gbogbo wa wà ní fọ́ọ̀mù kejì tí a sì ti fìdí rẹmi nínú tẹ́ẹ̀sì. O rántí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ẹja rẹ̀ ní pálọ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì, kí a fún fóòmù nínú abọ́ omi tí a bù látinú àpótí ẹja fúnra rẹ̀, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Èédú, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Òkúta, kí a kàn ṣan án, kí a má pààrọ̀ rẹ̀. Fóòmù, ìgbà tó bá ti ń já tàbí tí omi ò bá lágbára láti kọjá nínú ẹ̀ mọ́, kí a gé tuntun sí méjì, kí a fi ìdajì kan sí i, kó pé oṣù kan kí a tó fi ìdajì kejì. Ó fa ìlà pupa sábẹ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn: a kì í pààrọ̀ ohun méjì lọ́jọ́ kan. Mo máa ń ka ìwé yẹn tí mo bá wá kí yín. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló tọ̀nà, òun gan-an ló sì ń bí mi nínú.

O mọ ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ló fi ọ̀rá gbé Alága wálé nígbà tó gba owó oṣù àkọ́kọ́, ẹja pupa tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn tí ọkọ̀ fi pa ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Tíṣà fi tọ́jú ẹja yẹn lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀, títí ó fi tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Kì í sọ̀rọ̀ nípa ọmọ náà. Á kàn bọ́ sípálọ̀ láàárọ̀, á kí ẹja náà pé, "Alága, ẹ kú àárọ̀," á wá gbé tíì rẹ̀ jókòó tì í. Èmi mọ gbogbo èyí, kí o tó máa rò pé bóyá mi ò mọ̀.

Ọjọ́ kan báyìí, Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù láti ra èédú. Ó bá mi níbi tí mo ti ń ki irọ́ bọ ìyá kan létí, ìyá náà ti kó fóòmù, èédú àti òkúta tuntun sínú apẹ̀rẹ̀. Tíṣà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tán, ó ní, "Ìyá, ẹ kó méjì padà sórí àtẹ. Ẹ má dá ọ̀gbẹ́ni yìí lóhùn." Ó wá kọjú sí mi, "Ta ló kọ́ ẹ ní nǹkan tí ò ń sọ yìí? Ṣé o ò mọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe ni, àbí o mọ̀ ọ́n o kàn ń purọ́? Èwo ni?" Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà kó ẹrù rẹ̀ padà sórí àtẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi jáde látẹ̀yìn, ó yáa gbè sẹ́yìn Tíṣà, alábòsí èèyàn, ó ní òun ti ń kìlọ̀ fún mi tipẹ́. Kí oṣù tó parí, ó lé mi.

Ìyá rẹ ló bẹ̀bẹ̀ tí mo fi wá ń gbé ní yàrá ẹ̀yìnkùlé yín. Tíṣà gbà, ṣùgbọ́n ó pè mí jókòó níwájú rẹ. O ṣì rántí ohun tó sọ: "Tí o bá tún ba nǹkan kan jẹ́ nínú ilé yìí, kó ẹrù ẹ, mi ò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mò ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, mo sì dì í sínú. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń ronú ibi tí yóò ti dùn ún jù.

Àyè wá ṣí sílẹ̀ nígbà tí ojú ń yọ Tíṣà lẹ́nu, tí wọ́n ní kó wá ṣiṣẹ́ abẹ ní ìlú mìíràn. Ìyá rẹ tẹ̀ lé e, wọ́n máa lo ọjọ́ mẹ́wàá. Ìwọ ni wọ́n fa ẹja lé lọ́wọ́, kì í ṣe èmi, ọ̀rọ̀ yẹn náà sì ká mi lára. O jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, ò ń retí èsì ìdánwò, ẹ̀rù ìwé ara ògiri yẹn sì ń bà ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé tí o fẹ́ fún fóòmù, mo yọjú sí ọ nípálọ̀. Mo ní, "Kékeré, lọ sinmi, fi iṣẹ́ fún oníṣẹ́." O dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. O tún gbé omi tútù wá fún mi.

Mo tú asẹ́ náà palẹ̀. Mo kó fóòmù dànù, mo kó èédú dànù, mo kó òkúta dànù, mo fi ọṣẹ fọ inú ike rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ omi, mo sì fi tuntun sí gbogbo rẹ̀ látinú àpò ẹrù tí mo jí gbé ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí wọ́n lé mi. O dúró lẹ́yìn mi, o ní, "Bọ̀dá, ṣé a máa ń pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Ìwé Dádì ò sọ bẹ́ẹ̀." Mo ní, "Dádì ẹ, ìwé ló kà. Èmi, iṣẹ́ ni mo ṣe." Omi náà mọ́ débi pé o pàtẹ́wọ́. Mo rò ó lọ́kàn mi pé, wo òmùgọ̀ ọmọ yìí. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé bí mo ṣe rò ó gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ Túsìdeé, o kanlẹ̀kùn yàrá mi. "Bọ̀dá, àwọn ẹja ti gòkè o, wọ́n ń yanu. Ṣé kí n bu omi díẹ̀ kúrò kí n fi tuntun sí i?" Ohun tó yẹ kó o ṣe gan-an lo sọ yẹn, láìṣe pé ẹnì kan kọ́ ọ. Tí a bá bu omi kúrò lójoojúmọ́, tí a sì dá fóòmù àtijọ́ padà, bóyá ìdajì wọn á yè é. Fóòmù náà ṣì wà nínú ike ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé, ó ṣì tutù. Mo ní, "Má fọwọ́ kàn án. Ebi ló ń pa wọ́n. Fi kún oúnjẹ wọn." O sáré lọ. Lẹ́yìn tí o lọ tán, mo jáde lọ síbi ike ìdọ̀tí, mo yọ fóòmù náà, mo bu ọṣẹ lé e, mo fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun, kó má baà wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ti purọ́ láyé mi, mo ti jalè, ṣùgbọ́n bí mo ṣe lóṣòó síbi ẹ̀rọ omi lọ́sàn-án gangan yẹn tí mò ń fọ fóòmù, mi ò rí orúkọ tí mo lè pè é.

Àwọn kéékèèké kú lọ́jọ́ Wẹ́sìdeé. Alága fi ọjọ́ méjì jà. Ìwọ jókòó tì í nílẹ̀, ò ń fi bébà fẹ́ ojú omi, ò ń sunkún. Ọjọ́ Furaidé ló léfòó.

Tíṣà dé ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ojú rẹ̀ kan wà nínú báńdéèjì. Mo ti to irọ́ tí màá pa sílẹ̀: oúnjẹ pọ̀ jù, ọmọdé ni, kí wọ́n má bínú. Nígbà tí ìyá rẹ pè mí sí pálọ̀, mo bá ọ lórí ìkúnlẹ̀. Tíṣà ò bi mí ní nǹkan kan nípa oúnjẹ. Ó ní, "Ìwọ tó o mọ iṣẹ́ yìí, ṣàlàyé fún un. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ tí èèyàn bá pààrọ̀ gbogbo asẹ́ lọ́jọ́ kan?" Ẹnu yà mí. Ó ti rí i pé tuntun ni asẹ́ náà, kò sì bi mí léèrè ẹni tó ṣe é. Mo rò pé ó ti gbà láìbéèrè pé ìwọ ni, mo rò pé ìbẹ̀rù ló dì ọ́ lẹ́nu, mo sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀yin méjèèjì. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo sọ nípa àwọn ẹ̀dá tíntìntín, mo sọ nípa májèlé, mo sọ ọjọ́ tí ẹja máa ń gòkè. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sọ òtítọ́ nípa asẹ́ omi, ìwọ ni mo sì fi dá lẹ́bi. Mo parí rẹ̀ pé, "Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ló pa wọ́n." O gbójú sókè, o wò mí, o sì tún gbójú sílẹ̀.

Ìgbà náà ni Tíṣà sọ gbólóhùn tó lé ọ kúrò nílé. Ó ní, "Ohun kan ṣoṣo tó kù lára ẹ̀gbọ́n ẹ, o pa á." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, o ti lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mò ń jẹun lórí àga rẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, mo lọ bá Tíṣà ní pálọ̀. Ojú rẹ̀ kan ti kú pátá, èkejì ń ríran fírífírí. Mi ò jókòó. Mo ní, "Tíṣà, èmi ni mo pààrọ̀ asẹ́ omi yẹn. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo fẹ́ kí Alága kú ni."

Ó gbọ́wọ́ sókè. "Dúró ná. Ọmọ yẹn sọ fún mi pé òun ni."

Mo ní, "Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ tí mo ti ọsíbítù dé, kí a tó pè ẹ́. Mo ki ọwọ́ bọ asẹ́, mo rí i pé fóòmù ẹ̀ le, tuntun ni. Mo bi í pé ta ló pààrọ̀ ẹ̀. Ó ní òun ni, ó ní òun fẹ́ kó mọ́ kí n tó dé. Mo tún bi í. Ó tún ní òun ni."

Mo jókòó láìsí ẹni tó fún mi ní àga. Gbogbo ọdún tí mo fi ń pè ọ́ ní òmùgọ̀ yìí, o ti mọ̀ pé tí o bá dárúkọ mi, wọ́n á ju ẹrù mi síta lọ́jọ́ náà. O rò pé mo fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ ni mo ṣe ṣèèṣì. O ti fi ara rẹ dí mi, kí n tó wọlé wá dá ọ lẹ́bi níwájú bàbá rẹ. Ojú tí o fi wò mí lọ́jọ́ yẹn, ó ti yé mi báyìí. Èébú kankan kò sí nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù fún mi.

Tíṣà kò bú mi, bẹ́ẹ̀ èébú ni mo wá gbà. Ó ní, "Irọ́ kan ṣoṣo tí ọmọ yẹn pa fún mi láyé ẹ̀, torí tìẹ ni. Èmi sì sọ ohun tí mo sọ fún un." Ó nu ojú tó kù. "Ṣé ó mọ̀ pé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?"

"Rárá. Ó rò pé àṣìṣe ni."

"Títí dòní?"

"Títí dòní."

"Á jẹ́ pé ó ṣì ń rò pé èèyàn gidi ni ẹ́." Ó nawọ́ wá fóònù lórí tábìlì, ó gbé e, ó tún gbé e sílẹ̀. "Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ sọ fún un."

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ìyá rẹ sọ fún mi pé ọmọ rẹ ń bẹ̀ ọ́ pé kó o ra ẹja fún òun, pé o ò gbà. Rà á fún un. Fún fóòmù rẹ̀ nínú omi àpótí náà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, pààrọ̀ èédú lóṣooṣù, má kó ohun méjì jáde lọ́jọ́ kan náà, kó o má sì gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá dúró lẹ́yìn káńtà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Irú mi pọ̀ níbẹ̀.

Má fèsì ìwé yìí. Má sì forí jì mí nítorí pé mò ń kú lọ, gbogbo èèyàn náà ló ń kú. Bàbá rẹ ni kó o pè. Ẹ̀gbẹ́ fóònù ló máa ń jókòó sí láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e níbẹ̀. Tó bá dákẹ́ nígbà tó bá gbọ́ ohùn rẹ, má pa fóònù, ń ṣe ló ń wá ọ̀rọ̀. Ní tèmi, ìwọ nìkan ló kù láyé tó rò pé inú rere ló mú mi fọwọ́ kan asẹ́ omi yẹn. Kì í ṣe inú rere, Kékeré. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.